Àwọn Àwòrán Tí À Ń Wọ Aṣọ Fún Nígbà Ọyẹ́

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá lẹ́bàá Kofar Kware ní Sókótó. Èmi wà níbẹ̀. Kàmọ́rù, alága wa, wà níbẹ̀. Ìyá Ràfátù, olórí àwọn obìnrin, wà níbẹ̀. Adébóyè fọkanáísà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìjẹ̀bú, wà níbẹ̀. Tájù tó ń kọ pátákó ìpolówó ní Tudun Wada náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú agolo òdà rẹ̀. Àwọn yòókù ń wọlé, wọ́n ń jáde, bí ìṣe ìpàdé. Mo mọ aago náà nítorí pé ojú aago ara ògiri ni mo gbé ojú mi sí nígbà tí Kàmọ́rù sọ ohun tó sọ. Ó ní bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, Tájù yóò máa fi òdà tuntun kun àwọn àwòrán wa, àti pé ara obìnrin onídìrí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin onídìrí yẹn, Àmọ̀kẹ́ ni. Ìyàwó mi ni. Ó ti kú. N kò ní àwòrán ojú rẹ̀ mìíràn láyé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó yìí, ẹ bi mí léèrè ìdí tí mo fi bá òdà jà. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Irùngbọ̀n ti ń hù lẹ́nu mi kí n tó jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, n kò sì tíì mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ dárà títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni mo fẹ́ tú fún yín.

Bàbá Ràímì ará Ìlọrin ló ya gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn. Ara mọ́tò akẹ́rù ni wọ́n ti ń jẹun ní ọjà Kasuwar Kara: wọ́n ń ya kìnnìún, wọ́n ń ya ràkúnmí, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ àdúrà sí ẹ̀yìn mọ́tò. Bí wọ́n bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n a tún máa ya tiwọn sára pákó pẹlẹbẹ, tàbí sára tapólì ògbólógbòó tí awakọ̀ bá sọ nù. Wọn kì í tà wọ́n. Afárá Jẹ̀bbà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ojúurin lórí rẹ̀ àti àwọn èrò tó yọrí lójú fèrèsé. Ojú èrò kọ̀ọ̀kan kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín àti ẹni tí oorun ń kùn. Ọjà kan wà níbẹ̀ tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjà àwọn ni. Àwọn ará Ìlọrin ní irọ́ ni, pé ọmọ Ìlọrin kì í fi ọjà tirẹ̀ sílẹ̀ kó lọ ya ti ẹlòmíràn. Bí a bá bi Bàbá Ràímì, wọ́n á ní, "Ẹni tí wọ́n bá ti já àpò rẹ̀ gbà níbẹ̀ rí ni yóò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí àìsàn tó padà pa wọ́n dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n ní kí a kó gbogbo rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti pẹ́ tó báyìí ní ìlú oníìlú, ó yẹ kí ògiri kan mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá sọ ohun méjì: kí omi má kan ojú àwòrán, kí ọyẹ́ má sì bá wọn ní ìhòòhò.

Èyí jẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú. Gbọ̀ngàn wa kò ní àjà nígbà náà. Páànù ló wà lórí rẹ̀, ihò sì wà lára páànù. Ní ọ̀sán, bí oòrùn bá ta sí i, á máa dún pàú, pàú, bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kì í gbọ́ ọ mọ́. Àlejò nìkan ló máa ń wòkè.

Nítorí ihò wọ̀nyẹn, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òjò tirẹ̀. Bí a ti pín in nìyẹn. Bí òjò bá ṣú tó sì kan ilé yín, ẹ̀yin lẹ ó sáré lọ sí gbọ̀ngàn, ẹ ó gbé abọ́ sí abẹ́ ibi tó ń jò, ẹ ó sì ṣí àwòrán kúrò ní ògiri tó bá ń rin. Mo ti rí wẹ́dà tó fi iná iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó dé bàsíà lórí, tó ń sáré gba Kofar Kware kọjá, tí àwọn Hausa ń kí i kú iṣẹ́, "Sannu da aiki," tí kò lè dúró dáhùn. Kò sí ẹni tó ń yẹ òjò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, bí òjò bá ń rọ̀, ẹ óò gbọ́ tí olúkúlùkù á máa sọ pé ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ni ọ̀tá gan-an. Ọyẹ́ Sókótó kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ń wọ inú àpótí tí a tì, ó ń wọ inú ìkòkò tí a dé, ó ń wọ eyín. Eruku rẹ̀ á bo òdà, gbígbẹ rẹ̀ á sì fa òdà náà ya. Ìdí nìyẹn tí a fi ní Ọjọ́ Ìwọṣọ.

Bí wọ́n bá ti kórè jéró tán, tí afẹ́fẹ́ sì yí padà sí àríwá, a ó dájọ́. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn tí àwọn onígbàgbọ́ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn wẹ́dà ló ń gun àkàsọ̀, nítorí wọn kò bẹ̀rù òkè. Àwọn àgbà á máa fi ìka kan férémù, wọ́n á dẹ etí sí i. Bó bá dún bí ohun òfìfo, ikán ti wọ ibẹ̀ nìyẹn. Ìjẹ̀bú á gé tíúbù táyà sí wẹ́wẹ́, a ó kàn án mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn férémù, kí àwòrán má baà lẹ̀ mọ́ ògiri, kí atẹ́gùn lè rí ibi gbà.

Oníbúrẹ́dì wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó sanra, á ti yan búrẹ́dì sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, láìfi bọ́tà sí i, láìfi ṣúgà sí i. A ó bó èèpo rẹ̀, a ó mú àárín rẹ̀ tó rọ̀, a ó fi ọwọ́ ṣù ú di róbótó, a ó sì máa yí i lórí àwòrán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìtẹ̀ ẹ́. Funfun ni búrẹ́dì náà ń lọ, dúdú ló ń bọ̀. Ojú ọ̀run inú àwòrán tó ti di eérú á tún padà di ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà a ó fi ìyẹ́ adìyẹ gbá ẹ̀rúnrún rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí èèrà. Bàbá Ràímì ló kọ́ wa. Ibi tí àwọn ti kọ́ ọ, n kò bi wọ́n.

Aṣọ ni iṣẹ́ tèmi, èmi télọ̀. Àlà funfun ni. Mo ń rán an bí àpò ìrọ̀rí, mo ń fi okùn sí i lẹ́nu, n kì í fi bọ́tìnì sí i kí bọ́tìnì má baà ha òdà. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Mo mọ ìwọ̀n gbogbo wọn bí mo ti mọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi. Wọ́n tiẹ̀ sàn ju oníbàárà lọ, nítorí wọn kì í sanra.

Bí a bá ti wọ aṣọ fún wọn tán, tí a sì gbé wọn padà sára ògiri, Hausa kan tó ń ta obì lẹ́nu ọ̀nà á yọjú wọlé. Ohun kan náà ló ń sọ lọ́dọọdún. "Kai! Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ tún ti di àwọn òkú yín sínú likkafani!" Likkafani ni wọ́n ń pe aṣọ òkú. Ìjẹ̀bú á ní, "Tìrẹ ló kàn, Màlám. Wọlé kí télọ̀ wọ̀n ọ́." Màlám á ju obì kan bà á, á sì bá wa di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú.

Àkàsọ̀ yẹn ti fẹ́ pa wá rí. Ní ọdún kan, àwọn wẹ́dà kò tètè dé, Ìjẹ̀bú wá ní kí ni àkàsọ̀ tí ọmọ ọkùnrin kò lè gùn. Ó gùn ún. Àkàsọ̀ yọ̀. Ara igi òrùlé ló ti bá ara rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn bí àdán, ó ń ké pe bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. A ń wá àkàsọ̀ gbé dìde, ẹ̀rín kò jẹ́ kí a lè gbé e. Àmọ̀kẹ́ ní, "Ẹ má ì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o. Ọkọ mi, ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wọṣọ fún òun náà, kí ọyẹ́ má mú un." Ìjẹ̀bú kò dárí jì í títí ọdún fi yí po. Bí wọ́n bá ti pàdé, Àmọ̀kẹ́ á ní, "Àwòrán, ẹ kú òkè o."

Bí ó ti máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Òun ló ń sọ tèmi mọ́ tirẹ̀.

Aṣọ yẹn yóò wà lára wọn títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀. Bí òjò bá ti pa eruku, a ó tún péjọ. Ìyá Ràfátù á pín fùrá fún wa mu, a ó sì tú okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ojú àwòrán kan bá ti yọ, gbogbo ilé á kí i: "Ẹ kú ewu ọyẹ́ o!" Bí ẹni tó wà nínú àwòrán náà bá ti kú, ẹni tó mọ oríkì rẹ̀ á kì í. Mo ti rí ọkùnrin tó sunkún lórí ọjà yẹn, tí wọn kò tíì mọ̀ bóyá ọjà ìlú rẹ̀ ni. Nísinsìnyí ẹgbẹ́ ti ra fáánù iná. Fáánù náà ń kó eruku láti ara àwòrán kan, ó ń fẹ́ ẹ lu èkejì, wọ́n sì ní ìtẹ̀síwájú dé.

Àmọ̀kẹ́ kì í dúró fún fọ́tò. Bí afọ́tò bá ti gbé ẹ̀rọ sójú, á yíjú. Ní Iléyá kan, a múra, a lọ ya fọ́tò ní Kasuwar Kara. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, èmi ni mo dúró gbọnrangandan níbẹ̀, ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ràímì máa ń jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé wa ní Tudun Wada bí wọ́n bá kírun alásàrí tán. Àmọ̀kẹ́ ń dírun fún àwọn ènìyàn lójúde. Bí oníbàárà bá ń mi orí, á ti ìlarun bọ ẹnu, á fi eyín dì í mú, á tẹ ọrùn, á sì gbé ìpéǹpéjú kan sókè. Ojú kan náà ló fi ń wò mí bí mo bá ní ebi kò pa mí. Ojú yẹn ni Bàbá Ràímì mú. Ọjọ́ tó rí ara rẹ̀ lórí pákó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já irun orí oníbàárà.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ kó ojú mi sára pákó?"

"Ojú rẹ kọ́," Bàbá Ràímì ní. "Ìlarun ni mo ń yà. Ìwọ lo wá dúró lẹ́yìn rẹ̀."

Àmọ̀kẹ́ sọ fún mi pé òun yóò fọ́ pákó náà. Ní Ọjọ́ Ìwọṣọ tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ ló so okùn aṣọ àwòrán náà.

Ibà ló pa á. Kò pẹ́. A sin ín síbí, mo sì kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Èyí tó kéré jù kò tíì rìn nígbà náà. Mo padà wá síbí nítorí iṣẹ́. Bí mo bá ní àyè, mo máa ń gba gbọ̀ngàn kọjá, mo máa ń dúró díẹ̀. Iwájú àwòrán rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kó àlìkámà wọlé mọ́. Ẹ̀yin náà rántí. Wọ́n ní kí àwọn oníbúrẹ́dì fi ọkà bàbà ṣe é, kí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe é. Ààrò tutù. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sanra mọ́ nígbà tó di ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ta ni yóò wá mú búrẹ́dì tí ọmọ ènìyàn kò rí jẹ, kó máa fi nu ojú àwòrán? Bí ẹ bá ṣe é, wọ́n á ní orí yín ti dàrú. Wọ́n fi Ọjọ́ Ìwọṣọ sílẹ̀ ní ọdún yẹn, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, mo wá àlà tí mo rán, mo bá a lórí tábìlì: wọ́n ti já okùn rẹ̀, wọ́n fi ń tẹ́ tábìlì ìgbìmọ̀, ọbẹ̀ sì ti ta sí i. Mo ká a, mo gbé e lọ fọ̀. Wọ́n wá gbà á padà nílé mi nítorí pé ìpàdé ń bọ̀.

Ní ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, bàbá mi kú, mo sì lọ sílé lọ sin wọ́n. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ mi tó kéré jù ti ń lọ sí ilé ìwé. Ní ọjọ́ kan ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá, ta ni mo jọ?" Mo ní ó jọ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Báwo ni ojú wọn ṣe rí?" Báwo ni a ṣe ń fi ẹnu ròyìn ojú? Mo ní bó bá wá kí mi ní Sókótó, òun fúnra rẹ̀ yóò rí i lára ògiri.

Nígbà tí mo padà dé, mo bá àwọn àwòrán tí ojú wọn ti ṣókùnkùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọyẹ́ mú gan-an nígbà tí n kò sí níbí. Òdà ń ya. Ìyá Ràfátù àti àwọn obìnrin wo ara àwòrán, wọ́n rí i tó là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ètè ọmọdé. Kí ni obìnrin Yorùbá ń ṣe sí ara ọmọ nígbà ọyẹ́? Wọ́n gbé òrí wá. Wọ́n fi pa gbogbo wọn láti igun dé igun. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní ó dán fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ló ń mu òrí. Pákó tí a fi òdà kùn kì í mu ún. Òrí náà dúró sójú, eruku bà lé e, òmíràn tún bà lé ìyẹn, ó di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà gbẹ. Àmọ̀kẹ́ dà bí ẹni tó dúró lẹ́yìn èéfín ààrò. Ìlarun ṣì hàn. Ìpéǹpéjú tó gbé sókè ṣì hàn, bí ènìyàn bá mọ ibi tí yóò wò.

Mo wá búrẹ́dì kiri títí mo fi rí i. Mo dán an wò ní igun ìsàlẹ̀. Ẹ̀rúnrún lẹ̀ mọ́ òrí, n kò rí i yọ dáadáa. Mo fi í sílẹ̀ kí n má baà ba ohun tó kù jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìpàdé.

Ọmọ rere ni Kàmọ́rù. Sókótó ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, Hausa rẹ̀ dán ju ti ọmọ onílùú lọ. Òun ló jẹ́ kí wọ́n fi páànù tuntun bo gbọ̀ngàn. Àwọn àgbààgbà ń bọ̀ láti ilé wá ṣí i, ó sì fẹ́ kí ojú wọn rí ohun tó dára. N kò bá a wí lórí ìyẹn. Ó ní Tájù ti kun ọ̀kan nínú wọn fún àpẹẹrẹ, Tájù sì gbé e wọlé. Afárá Jẹ̀bbà ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Odò náà búlúù, ó ń dán bí páànù tuntun. Ọkọ̀ ojúurin pupa fòò. Mo dìde, mo sún mọ́ ọn. Fèrèsé ni mo rí.

"Tájù, àwọn èrò dà?"

"Èrò wo, Bàbá?"

"Àwọn tó wà nínú ọkọ̀."

Ó wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, wọ́n kéré jù fún búrọ́ọ̀ṣì mi. Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn lóòótọ́.

Mo nawọ́ sí onídìrí. "Ìyẹn ńkọ́? Ṣé o mọ ojú rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojú obìnrin náà ni. Màá ya èyí tó rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Ẹ kàn sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó pupa tó."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àwọn tó mọ̀ wolẹ̀. Ìjẹ̀bú ní, "Ọmọ yìí, pa ẹnu mọ́. Ìyàwó Bàbá ni."

"Hẹ̀n! Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀." Ojú tì í gan-an. "Ṣé fọ́tò wọn wà, kí n máa wò ó yà á?"

"Fọ́tò rẹ̀ nìyẹn," mo ní. Ara ògiri ni mo nawọ́ sí.

Kàmọ́rù dìde. "Haba, Bàbá Télọ̀. Ẹ wò ó fúnra yín. Ojú wo ló kù níbẹ̀? Òrí àti eruku ni. Wallahi, bí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní a kò mọ ìtọ́jú. Ṣebí a ń tún un ṣe ni? A kò sọ ọ́ nù."

"Ẹ jẹ́ kó dọ́tí."

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Mo ní ẹ jẹ́ kó dọ́tí."

Ẹnìkan lẹ́yìn pariwo pé, "Ẹ gbọ́, Bàbá ní kí gbọ̀ngàn dọ́tí!" Ni wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ràfátù kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń ká etí ìborùn rẹ̀. "Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Ọ̀rẹ́ mi ni Àmọ̀kẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ibí, ojú rẹ̀ ni mo ń rí, ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

N kò lè bínú sí i. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Ìjẹ̀bú gbìyànjú. "Alága, táyà tó bá jò, à ń lẹ̀ ẹ́ ni. Mi ò rí ẹni tó kun táyà ní òdà rí kó wá gba afẹ́fẹ́."

"Ìjẹ̀bú, táyà kọ́ là ń sọ," Kàmọ́rù ní.

Mo ní kí wọ́n fún mi, kí n gbé e lọ sílé. Kàmọ́rù mi orí. Ó ní ti ẹgbẹ́ ni. Ó ní bí òun bá fún mi, ilé kọ̀ọ̀kan yóò wá béèrè òkú tirẹ̀, ògiri á di òfìfo kí àlejò tó dé. Kò purọ́. Mo sì mọ̀ pé kò purọ́. Ó pe ẹni tó máa gbàdúrà ìparí, ìpàdé sì tú ká.

Ohun tí n kò rí sọ níbẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún. Ìdọ̀tí wà lórí Àmọ̀kẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ṣì wà lábẹ́ ìdọ̀tí yẹn. Bóyá ẹnìkan tó mọ bí a ti ń yọ òrí kúrò lára òdà yóò gba ìlú yìí kọjá lọ́jọ́ kan. Bóyá kò ní í wá. Bó bá jẹ́ eruku ló bò ó, mo lè dúró. Ṣùgbọ́n bí Tájù bá ya ojú arẹwà kan lé ojú rẹ̀, mo fẹ́ mú ọmọ mi dúró síwájú rẹ̀ kí n sọ pé ta nìyẹn? Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn baba wa ló sọ ọ́. Àwọn tó wá ń ṣe ìtọ́jú lónìí, dídán ni wọ́n mọ̀. Tiwa kì í dán. Kó má yí padà ni à ń ṣe làálàá fún.

N kò jẹun nígbà tí mo délé. Mo to àwọn aṣọ oníbàárà tó wà nílẹ̀, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti kírun tán, mo bá ọlọ́mọlanke kan sọ̀rọ̀. Ó bá mi ti máṣíìnì mi, àpótí ìjókòó mi àti àwọn aṣọ náà láti Tudun Wada dé gbọ̀ngàn. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo gbé máṣíìnì sí abẹ́ àwòrán Àmọ̀kẹ́, mo sún un mọ́ ògiri títí àyè àkàsọ̀ kò fi sí níbẹ̀ mọ́. Mo fa òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tájù dé. "Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá, ẹ dìde fún mi díẹ̀."

"Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Ṣé kí n dúró?"

"Bó bá wù ọ́."

Ó jókòó sórí agolo òdà rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó lọ pe Kàmọ́rù.

Kàmọ́rù wọlé. Ó wo àwòrán, ó wo máṣíìnì, ó wò mí. "Bàbá Télọ̀, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo ń ránṣọ."

"Ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́?"

"Ibí ni."

"Títí di ìgbà wo?"

Mo gé òwú. Ó sún mọ́ mi, bóyá láti gbé máṣíìnì náà kúrò, bóyá láti bẹ̀ mí. Ìgbà náà ló rí aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Agbádá tirẹ̀ ni, èyí tó fẹ́ fi pàdé àwọn àlejò. Apá kan ṣoṣo ni mo tíì rán mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà.

"Jókòó, Alága," mo ní. "Apá kejì ṣì kù."

Mo sì ń tẹ máṣíìnì mi lọ.